Ewédú rèé ní Tokyo! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú súpámákẹ́ẹ̀tì

Àdùkẹ́_Tokyo

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ibí. Oṣù kẹrìnlá mi rèé ní Tokyo. Àwọn àgbà ibí á rántí pé kí n tó wá, èmi ni mo da yín láàmù nípa bí mo ṣe máa di gààrí, elùbọ́ ńkọ́, ṣé wọn ò ní gba irú lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ebi ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe òtútù. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹja tí wọn ò sè lo máa jẹ, Àdùkẹ́, àìjẹata ló máa pa ọ́ síbẹ̀."

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, konbini ló bọ́ mi. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru ni, kò sì sí ibi téèyàn yà sí tí kò ní bá a níbẹ̀. Onigiri ni mo ń rà, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n mọ ní onígun mẹ́ta, tí wọ́n ki ẹja sí láàrin, tí wọ́n wá fi ewé inú òkun wé. Nọ́ńbà 1, 2, 3 wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lèèyàn á ṣe máa ṣí i. Èmi ò wo nọ́ńbà kankan. Mo fa ọ̀rá yẹn ya bí ọ̀rá búrẹ́dì, ewé bá ọ̀rá lọ, ìrẹsì já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ilé-ìwé kékeré kan dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú tirẹ̀ jáde, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí n lè máa wò ó. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá gan-an, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. Oṣù keje la wà yìí, ooru ìlú yìí kì í ṣe kékeré. Mo yà sí súpámákẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá ibùdó láti ra ẹyin. Bí mo ṣe ń kọjá níbi ẹ̀fọ́, mo rí ewé kan nínú ọ̀rá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn. Mo kọjá. Mo padà. Mo gbé e sókè síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, mo wo ìdí ewé náà. Irun tín-ín-rín méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbé ewédú fún rí pé kí ẹ já a, ẹ mọ irun yẹn. Mo ké "yéè!" débi pé obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. (Bí wọ́n ṣe rí níbí nìyẹn. Tó o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá, àwọn ni wọ́n á bẹ̀ ọ́.)

Moroheiya ni wọ́n kọ sára rẹ̀. 158 Yẹ́n. Mo ra mẹ́ta. Nígbà tí mo délé tí mo sè é, kò sí ìjábẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, mo fi ṣíbí lù ú títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó yọ̀! Mo bu ata lé e, mo fi jẹ sèmó tó ṣẹ́kù nínú ẹrù mi. Mo sunkún díẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló tún wà nínú ìlú yìí tí mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí n ò dá mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ gbà mí.

Àkànní_Shinjuku

Àdùkẹ́, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án mi rèé.

Ewédú gan-an ni o, kì í ṣe ohun tó jọ ọ́. Lárúbáwá ni orúkọ yẹn, ohun tí àwọn ará Íjíbítì ń pè é ni àwọn ará ibí gbà. Àmọ́ ìgbà ooru ló ń pọ̀. Tí òtútù bá ti ń dé, o ò ní rí i mọ́, nítorí náà rà á nísinsìnyí, bọ̀ ọ́, kó o dì í sínú fíríìsà. Tó o bá sì fẹ́ gbìn ín sínú ìkòkò lẹ́yìn fèrèsé, ó dáa, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí èso rẹ̀ tàbí kóró rẹ̀ bá ewé wọnú ọbẹ̀. Májèlé wà nínú kóró yẹn.

Ilá wà nítòsí ibi tó o ti rí ewédú, inú àwọ̀n kékeré aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń kó o sí. Okura ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni wọ́n ti gba orúkọ náà, Òyìnbó sì rèé, ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ló ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ti dé Tokyo tipẹ́ kí èmi tó wá gba físà.

Kókò ni satoimo, ó kéré, irun wà lára rẹ̀. Ṣàkì, hachinosu ni, "ilé oyin" ni ìtumọ̀ rẹ̀, tó o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ wàá rí ohun tí wọ́n rí. Iwe adìẹ ni sunagimo, owó rẹ̀ ò wọ́n rárá. Ẹja tí gbogbo wa ń pè ní Títù nílé, saba nìyẹn. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà, láti Norway ló ti wá, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára. Àyà adìẹ, tí wọ́n ń pè ní mune, ló pọ́ọ́kú ju itan lọ, torí pé itan ni àwọn ará ibí fẹ́ràn. Èmi ò bá wọn jiyàn.

Wọn kì í ná ọjà níbí, kò sì sí èènì. Àmọ́ èènì wà fún ẹni tó mọ aago. Bí agogo méje alẹ́ bá ti kọjá, lọ dúró níbi tí wọ́n ń to oúnjẹ sísè àti ẹja sí, kó o máa ṣe bí ẹni tó ń ka àkọlé. Òṣìṣẹ́ kan á yọ tòun ti ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́, á máa lẹ bébà mọ́ wọn lára. Ó lè kọ́kọ́ jẹ́ 20%, tàbí 30%. Tó bá ti sún mọ́ ìgbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, wàá rí 半額, hangaku, ìdajì owó nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sáré, kò sẹ́ni tó ń ti ara wọn. Ṣùgbọ́n máa wo ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà yẹn. Kí o tó na ọwọ́, wọ́n ti mú u.

Sùmọ́nù_Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Àkànní. Mo fẹ́ wá kàwé níbẹ̀, oṣù kẹsàn-án ni mò ń bọ̀ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mùsùlùmí ni mí. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í sí nínú rẹ̀ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo máa jẹ?

Ìyá_Fáwàz

Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n la ojú ẹ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó bá hàn gbangba kọ́ ni ìṣòro. Èyí tó fara pamọ́ ni. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ ramen, ìyẹn núdù olómi, tí wọ́n ń pè ní tonkotsu. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú búrẹ́dì. Jẹ́látíìnì tó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú àwọn nǹkan dídùn tọ́mọdé ń lá. Ọtí náà sì tún wà níbẹ̀, torí mirin tí wọ́n ń bù sínú ọbẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n fi pọn ọ́n.

Kó o tó wọ bàálù, kọ́ àmì kan ṣoṣo yìí: 豚. Ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé nígbà ogún títí ojú rẹ á fi mọ̀ ọ́n. Fóònù lè túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó o bá ń fi fóònù ya àwòrán gbogbo páálí, ilẹ̀ á ṣú bá ọ níbẹ̀. Má sì gbára lé ibi tí wọ́n ti ń kọ àwọn ohun tí kì í bá ara mìíràn mu. Nǹkan díẹ̀ péré ni òfin ní kí wọ́n kọ ní dandan, bí ẹyin, mílíìkì, àlìkámà, ẹ̀pà àti edé. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí nínú wọn.

Fún ẹran, lọ sí Shin-Ōkubo, ibùdó kan péré ni sí Shinjuku. Àdúgbò tí àwọn ará Korea kún fọ́fọ́ ni, àmọ́ òpópónà tóóró kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù àwọn mùsùlùmí tò lọ bẹẹrẹ, ẹran ewúrẹ́, ata gbígbẹ, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ wà. Mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn ará Turkey kọ́ tún wà ní Yoyogi-Uehara, ṣọ́ọ̀bù wà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹja, ẹyin àti tofu wà níbi gbogbo. Ebi ò ní pa ọ́.

Àdùkẹ́, nípa ìjábẹ̀: lọ ra chasen. Oparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ni, òun ni wọ́n fi ń lu tíì aláwọ̀ ewé. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń fi já ewédú.

Àkànní_Shinjuku

Ìyá Fáwàz! Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ni ní tíì pípò gbọ́ o. Ọdún bíi mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan yẹn dání.

Ìyá_Fáwàz

Kí wọ́n wá jẹ ẹ́ ná, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Mẹsí

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yín ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlú tí ilé oúnjẹ oníràwọ̀ Michelin (ìwé tó ń fún àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù ní ìràwọ̀) pọ̀ sí ju ibikíbi lágbàáyé, ibẹ̀ lẹ dé tí ẹ ń wá ewédú kiri. Kí wá nìdí tẹ́ ẹ fi kúrò nílé? Ẹ jẹ ohun tí onílé ń jẹ, kẹ́ ẹ wá ròyìn rẹ̀ fún àwa tá ò tíì débẹ̀.

Àdùkẹ́_Tokyo

Ọ̀run ni ìràwọ̀ wà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àpò mi wà.

Ẹ sì tún ọ̀rọ̀ mi kà. Mi ò ní mò ń wá ewédú. Mo ní wọ́n ti ń jẹ ẹ́ kí n tó dé. Ohun tó yọ̀ tó fà ni àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, neba-neba. Ilá ni o, ewédú ni o, iṣu tí wọ́n rin ni o, ewé inú òkun ni o, wọ́n á dà á lé ìrẹsì, wọ́n á ní ó dára fún ara nígbà ooru. Àwọn Òyìnbó tá a jọ wà ní kíláàsì, tí wọ́n bá rí i wọ́n á fún ojú pọ̀. Èmi nìkan ni mò ń bu kún un. Ìyẹn ni mo wá sọ.

Ọmọ_Mẹsí

Ó dáa, mo gbà. Irú ńkọ́? Kò lè sí irú.

Àkànní_Shinjuku

Natto ńkọ́? Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sè, tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ kó ooru mú títí tó fi fà. Kòkòrò tí ojú kò rí tó ń ṣiṣẹ́ náà, Bacillus subtilis, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa. Àwọn tó mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n imú mi ti sọ fún mi kí wọ́n tó sọ. Nǹkan bí 100 Yẹ́n ni wọ́n ń ta abọ́ kékeré mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀. Tó o bá ṣí i, omi ọbẹ̀ tíńtín àti mọ́sítáàdì wà nínú rẹ̀. O máa fi igi ìjẹun rò ó, bó o ṣe ń rò ó ni á máa fà bí òwú aláǹtakùn, tó o bá gbé e sókè, okùn rẹ̀ á tẹ̀ lé ọ dé ẹnu.

Láti fi se ẹ̀fọ́, èmi máa ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí yíyọ̀ rẹ̀ lọ, mo wá yan án nínú agbada láìsí epo títí á fi gbẹ. Kì í ṣe irú wooro o, ẹ má gbé mi lọ sí kóòtù. Àmọ́ aládùúgbò mi tó jẹ́ ará Ṣakí, nígbà tó jẹ ẹ́, ó bèèrè ẹni tó bá mi gbé irú wá láti ilé.

Ọmọ Mẹsí, o ní kí a ròyìn. Jẹ́ kí n sọ bí tálákà ṣe ń jẹun ní Tokyo láìsí ìràwọ̀. Tó o bá wọ ilé oúnjẹ kékeré, ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. O máa fi owó sí i, o máa tẹ àwòrán ohun tó o fẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì á jáde, o máa fún wọn, o máa jókòó. Èèyàn ò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Gyūdon, ìyẹn ẹran màlúù pẹlẹbẹ lórí ìrẹsì, o lè jẹ ẹ́ yó láì ná tó 600 Yẹ́n. Omi tútù tàbí tíì, ọ̀fẹ́. Ramen ló ti ń le. Àwọn tó ń sè é ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti gba ju 1,000 Yẹ́n lọ, oníbàárà á sá, bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo ti gbówó lórí. Sùmọ́nù, máa tọ́jú owó ẹyọ àti owó bébà àtijọ́ sápò. Ní oṣù keje 2024 ni wọ́n gbé owó bébà tuntun jáde, ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn á pọ̀ ọ́ padà fún ọ, ebi á máa pa ọ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Tó o bá ń jẹ núdù, fà á kó dún. Kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí o ò gbọdọ̀ ṣe ni kó o gún igi ìjẹun ní òòró sínú ìrẹsì, oúnjẹ òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Má sì fi igi gba ẹran lẹ́nu igi ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun òkú ni wọ́n ń fi igi gba eegun lọ́wọ́ ara wọn.

Délé_Arìnrìnàjò

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo lò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Àwa mẹ́rin wọ ilé ọtí kan lálẹ́. A ò tíì bèèrè nǹkan kan tí wọ́n fi gbé abọ́ kékeré mẹ́rin wá, ewébẹ̀ tútù tí wọ́n sè pẹ̀lú nǹkan bí ẹja. Inú wa dùn, a ní ẹ̀bùn àlejò ni. A jẹ ẹ́. Nígbà tí ìwé owó dé, 450 Yẹ́n lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Mo ní gbájúẹ̀ rèé. Mo bínú, mo san án. Lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun fi 200 Yẹ́n sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọmọ tó ń gbé oúnjẹ. A ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ náà fi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa nínú òjò, láìní agbòòrùn, 200 Yẹ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹríba, ó ní a gbàgbé owó.

Ẹ ṣàlàyé fún mi. Ilé kan náà ni o!

Àkànní_Shinjuku

Otoshi nìyẹn. Owó ìjókòó ni, abọ́ yẹn kàn jẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ilé ọtí tó pọ̀ ló ń gbà á, onílé náà ń san án. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Owó tí ọ̀rẹ́ rẹ fi sílẹ̀ sì rèé, wọn kì í gba ẹ̀bùn owó nílé oúnjẹ, lójú ọmọ yẹn ohun tí oníbàárà gbàgbé ni.

Àdùkẹ́_Tokyo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Bọ̀dá Délé ni mo gbè. Tí owó ìjókòó bá wà, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò tó jókòó. Àlejò tí kò gbọ́ èdè, ibo ni á ti mọ̀?

Ìyá_Fáwàz

Owó tó ń dùn mí kì í ṣe ti otoshi, ti ìrẹsì ni. Ní oṣù kẹjọ 2024, mo dé súpámákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ibi tí ìrẹsì máa ń wà ṣófo gbalaja. Ní Japan! Nígbà tó padà dé, àpò 5 kílò tí à ń rà ní nǹkan bí 2,000 Yẹ́n, nígbà tó fi máa di ìgbà ìrúwé 2025, ó ti ju 4,000 lọ. Ìjọba ṣí àká ìrẹsì tí wọ́n tọ́jú de ìgbà ìyàn. Mínísítà ètò ọ̀gbìn, Taku Eto, wá dìde ó ní òun ò ra ìrẹsì rí, pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ń kó o fún òun débi pé òun lè tà nínú rẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún 2025 náà ló kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ẹnu ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó wá rọ́pò rẹ̀, Koizumi, ló ta ti àká fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tààrà, a wá rí 5 kílò ní nǹkan bí 2,000. Ìrẹsì ọjọ́ pípẹ́ ni o. Mo tò fún un láti àárọ̀. Mo fi se jọ̀lọ́ọ̀fù, ó tiẹ̀ dára jù ú lọ, kò lẹ̀ mọ́ra bíi ti tuntun.

Àdùkẹ́_Tokyo

Ẹ jẹ́ kí n kúkú tú àṣírí ara mi, nígbà tí ẹjọ́ ti pọ̀ báyìí.

Nínú oṣù kìíní, wọ́n ń gún mochi ládùúgbò wa. Odó ni, ẹ̀yin ará, odó igi ńlá! Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n sè tí wọ́n dà sínú rẹ̀, ọkùnrin kan ń fi òòlù igi gún un, obìnrin kan ń yí i padà láàrin ìgúnlẹ̀ kan sí òmíràn, wọ́n ń pe ara wọn bí ẹni ń kọrin. Nígbà tó fi funfun tó ń dán, iyán ni mo rí. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n fún mi ní tèmi, mo bù ú, mo dán an, mo gbé e mì.

Kò lọ. Kò padà. Ó dúró sí mi lọ́fun bí àlejò tí kò fẹ́ sọ ibi tó ń lọ. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rí mi lójú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí lẹ́yìn bí ẹni ń lu ìlù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ìgbà tó já bọ́, ó ń fi ìka rẹ̀ hàn mí bí eyín ṣe ń ṣiṣẹ́: jẹ ẹ́, jẹ ẹ́, jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ọdọọdún ni àwọn panápaná Tokyo ń kìlọ̀ fún àwọn àgbà nípa mochi, torí ó máa ń pa wọ́n. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni o. Èmi gbé e mì bí òkèlè.

Láti ọjọ́ yẹn mo sọ pé iyán gidi ni mo máa ṣe. Mo ra nagaimo, iṣu tó gùn tó funfun. Mo sè é, mo gún un. Omi ló dà. Mo ju gbogbo rẹ̀ nù.

Bọ̀dé_Ìjẹ̀bú

Dúró ná. Èmi ò tíì kúrò ní Ìjẹ̀bú Òde rí, ṣùgbọ́n iṣu yẹn, nígbà tó o bó o, ṣé ó yún ọ lọ́wọ́?

Àdùkẹ́_Tokyo

Ó yún mi títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Bọ̀dé_Ìjẹ̀bú

Tó o bá rin ín, ṣé ó ń yọ̀, ó ń fà?

Àdùkẹ́_Tokyo

Bí ilá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbí, wọn ò ní sè é rárá, wọ́n á rin ín, wọ́n á dà á lé ìrẹsì.

Bọ̀dé_Ìjẹ̀bú

Ewùrà! Ta ló ń fi ewùrà gún iyán? Ẹ̀yin ará òkè yìí, ẹ fẹ́ fi ìyà jẹ iṣu. Òjòjò ni kó o fi ṣe. Rin ín, má bu omi sí i rárá, gé àlùbọ́sà àti ata sí i, iyọ̀ díẹ̀, fi ìka bù ú sínú epo gbígbóná. Tó bá yọ̀ jù, wá ìyẹ̀fun díẹ̀ fi dì í mú. Ìkọ́kọrẹ́ tún ń bẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn ju agbára rẹ lọ lónìí.

Àkànní_Shinjuku

Mọ̀lẹ́bí ewùrà ni, kì í ṣe òun gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ Bọ̀dé lè jẹ́. Ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní katakuriko ni kó o fi dì í. Ó wà níbi iyọ̀ àti ṣúgà.

Àdùkẹ́_Tokyo

Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti kọ̀wé síbí kẹ́yìn. Ẹ wá gbọ́.

Mo ra ẹyọ nagaimo kan, mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo rin ín, mo fi ṣíbí katakuriko méjì sí i, àlùbọ́sà, ata gbígbẹ láti Shin-Ōkubo. Èyí àkọ́kọ́ tú ká sínú epo, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ìkejì dúró. Ìkẹta wú bí àkàrà, ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Bọ̀dá Bọ̀dé, Ọlọ́run á fún yín ní físà.

Mo di mẹ́fà sínú abọ́, mo kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà. Ó fi igi ìjẹun bù ú, ó fi kan omi sóyà (mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé ẹnu mi dákẹ́), ó jẹ ẹ́, ó mí kanlẹ̀ nítorí ata, ó mu tíì, ó tún mú òmíràn.

Ní àárọ̀ yìí, ọ̀rá kan kọ́ sára ilẹ̀kùn mi. Ewédú ni, láti inú ìkòkò tó wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Ó ti já gbogbo rẹ̀ tán, kò sí èso kankan nínú rẹ̀. Bébà kékeré wà níbẹ̀. Mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀: òun ń gbọ́ tí mò ń lu nǹkan ní alẹ́, ṣé ewé yìí ni, àti pé kí ni mo fi ń lù ú.

Sùmọ́nù_Ìlọrin

Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé kí n di ìjábẹ̀ mọ́ ẹrù mi?

Àdùkẹ́_Tokyo

Di méjì.